Gààrí, attiéké àti ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣú: ìdáhùn sí ìyá kan ní Àbíjàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Èjìgbò ni mí, Àbíjàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ìyá mi máa ń fi gààrí ránṣẹ́ sí wa látilé, gààrí funfun tó kan dáadáa. Ní bí oṣù mélòó kan sí ìsinsìnyí ojú ìyá mi yìí ń ṣú, àwọn èèyàn sì ní gààrí ló fà á. Ẹnì kan wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé gààrí funfun lóró, pé èyí tí wọ́n fi epo sí nìkan ló dáa, pé òun ní àgbo kan tí wọ́n ń kán sójú tó máa ń fọ oró gààrí kúrò. Aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ ìlú ibí náà ní attiéké táwọn ń jẹ ò ní wàhálà kankan. Ṣé kí n dá gààrí dúró fáwọn ọmọ mi ni, kí n máa ra attiéké?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí yín o, mo sì kí màmá wa. Ẹ má dá gààrí dúró. Tó bá wù yín, ẹ máa ra attiéké jẹ, oúnjẹ tó dùn ni, àmọ́ ẹ má rà á torí pé ẹnì kan sọ pé kò bá gààrí tan. Pákí ni gààrí, pákí ni attiéké. Àgbo yẹn ní tiẹ̀, ẹ má rà á, tó bá sì ti wọlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán an sójú ẹnikẹ́ni, màá padà sórí ẹ̀ torí òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí.

Ọ̀rọ̀ oró tí wọ́n ń sọ yẹn, kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Kẹ́míkà kan wà nínú pákí tútù tó ń jẹ́ linamarin. Tó bá dá wà, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nǹkan míì tún wà nínú pákí yẹn náà tó jẹ́ pé tí òun àti linamarin bá ti pàdé, á já a sí wẹ́wẹ́, sáyánáìdì á sì jáde nínú ẹ̀, oró gidi nìyẹn. Bí pákí bá ṣì wà nílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi táwọn méjèèjì ń gbé, bí ìgbà tí ògiri là wọ́n láàrin. Ọjọ́ tí òkété bá gé e jẹ, tàbí tí a bá rin ín, ọjọ́ yẹn ni ògiri wó. Bí pákí ṣe ń gbèjà ara ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Rírin tí à ń rin pákí, ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí wọ́n pàdé níta, kí oró yẹn jáde kó tó dénú wa. Sáyánáìdì ò lè fara da ooru, kó ti lé ní ìwọ̀n 26 Celsius báyìí á di afẹ́fẹ́, á sì fò lọ. Ó tún máa ń yọ́ mọ́ omi. Ìdí nìyí tí a fi ń dì í sápò fún ọjọ́ mẹ́ta kó kan, tí a fi jáàkì tẹ omi ẹ̀ dànù, tí a jọ̀ ọ́, tí a wá yan án lórí agbada, èyí tó bá sì kù tó fara pamọ́ sínú pákí tó ti kan yẹn, iná agbada ló máa lé e. Codex, ìyẹn àwọn tó ń ṣe òfin oúnjẹ fún gbogbo ayé, ní oró tó bá kù nínú gààrí ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Gààrí tí wọ́n ò kánjú ṣe lè wà nísàlẹ̀ ìyẹn dáadáa.

Attiéké tí aládùúgbò yín ń jẹ ńkọ́? Àwọn Ebrié, àwọn Adjoukrou àtàwọn Alladian tí wọ́n ń gbé létí ọ̀sà níbẹ̀ ló ni ín, UNESCO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, sì ti kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn yẹn sínú ìwé àjogúnbá ayé ní 2024, ó sì tọ́ sí wọn. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń ṣe é, ẹ máa rí i pé wọ́n bó pákí, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n po pákí tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó kan mọ́ ọn, wọ́n fi í sílẹ̀ mọ́jú, wọ́n tẹ omi ẹ̀, wọ́n jọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá yín ni pé ooru omi ni wọ́n fi sè é, àwa ń yan tiwa. Àwọn ará Kóńgò tó ń jẹ chikwangue, àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń jẹ bobolo, wọn kì í rin ín ní tútù, ńṣe ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi rọ̀, bí àwa náà ṣe ń ṣe láfún àti fùfú. Ẹni tó rin ín àti ẹni tó rẹ ẹ́, oró kan náà ni wọ́n jọ ń lé.

Kódà kì í ṣe Áfíríkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni pákí ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e dé etíkun wa ní bí ọdún 1500 sí 1600, àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil láyé àwọn baba ńlá wa sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ṣíṣe gààrí tàn kálẹ̀. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé ní Brazil, wọ́n máa ń fi omi ẹja ro ìyẹ̀fun pákí, pirão ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá lọ sí Kùtọnu tàbí Lomé, ẹ máa bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi omi ẹran ro gààrí, piron lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òkun ńlá ló wà láàrin àwọn méjèèjì o!

Ó kan ọ̀rọ̀ epo. Ibí ló ń bí mi nínú jù, torí àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀mọ̀wé gan-an ń bá wọn sọ ọ́. EPO KÌ Í PA ORÓ PÁKÍ. Ọjọ́ tó fi kan, omi tí a tẹ̀ dànù, àti iná, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá bó pákí láàárọ̀, tó lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, tó sì yan án nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kó lè bá ọjà ọ̀la, tó wá da epo sí i kó lè pọ́n kó wu èèyàn, oró tó kù nínú tiẹ̀ lè pọ̀ ju ti funfun tó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò lọ fíìfíì. Àwọ̀ ò sọ nǹkan kan fún wa níbẹ̀. Pákí kan tiẹ̀ wà báyìí tí inú ẹ̀ pọ́n fúnra ẹ̀, 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, gààrí ẹ̀ á pọ́n láìfi ẹ̀kán epo kan sí i. Ṣé ẹ wá rí i pé èèyàn ò lè dúró sọ́jà kó máa fojú wo oró.

Mi ò ní kí ẹ má jẹ epo o. Epo pupa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, fítámì A sì dáa fójú, àgàgà ojú ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná yíyan máa ń jẹ nínú ẹ̀. Torí oore yẹn ni kí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má gbé iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lé e lórí.

Níbo wá ni ojú ti wọ̀ ọ́? Láàrin 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí lórí àìsàn kan lágbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń kú tipiri, ìrìn wọn ò gún, ojú ń ṣú, etí ń di. Àwọn tó jẹ́ pé pákí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lọ́dọọdún, tí nǹkan míì ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e, ló pọ̀ jù nínú wọn. Lára àwọn tó tẹ̀lé e nídìí ìwádìí náà ò tiẹ̀ gbà pé sáyánáìdì nìkan ló dá a sílẹ̀. Ní 1981 ọ̀dá dá ní apá àríwá Mozambique, pákí kíkorò ló kù fún wọn láti jẹ, ebi ò sì jẹ́ kí wọ́n lè dúró de pákí kó pẹ́ tó, àwọn tó ju 1,000 lọ ni ẹsẹ̀ wọn rọ, àwọn obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù. Konzo lorúkọ àìsàn yẹn, èdè Yaka ní Kóńgò ni, bí ẹni pé wọ́n so ẹsẹ̀ èèyàn. Àìrí nǹkan míì jẹ ló dúró síbẹ̀ nínú méjèèjì, ìkánjú sì tún kún un ní Mozambique. Ara tó bá rí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran jẹ ní ohun tó fi ń sọ oró kékeré di nǹkan tí a máa tọ̀ dànù. Ara tó jẹ́ pé gààrí àti ṣúgà nìkan ló ń rí ò ní in. Torí náà fáwọn ọmọ yín, wàhálà mi ò sí lórí gààrí, ohun tó bá a dé inú abọ́ ni mo fẹ́ mọ̀, ọmọ tó ń mu gààrí lásán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyẹn ni kí ẹ tètè tún ṣe.

Màmá wa wá kù. Mi ò kì í ṣe dókítà ojú, oúnjẹ ni mo kọ́, mi ò sì lè jókòó síbí kí n sọ ohun tó ń ṣe ojú tí mi ò rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn èèyàn wò káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007, kátárákítì, ìyẹn ojú tí nǹkan funfun bò nínú, ló ń fọ́ ojú jù, gúlákómà ló tẹ̀lé e. Kátárákítì, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, èèyàn á sì tún ríran. Gúlákómà, ìfúnpá inú ẹyinjú ló sábà máa ń fà á, èyí tó bá ti gbà lọ kì í padà, oògùn kàn lè dá a dúró níbi tó bá a dé ni. Ẹ wá rí ìdí tí inú fi ń bí mi sí alágbo yẹn? Oṣù méjì tí èèyàn bá fi ń kán àgbo sójú, tó ń dúró kí “oró gààrí” jáde, ojú ń lọ ni. Ohun tí wọn ò sè mọ́, tí èèyàn kán sẹ́yinjú, lè ṣe ojú léṣe fúnra ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú wọn lọ sílé ìwòsàn ojú lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí àtọ̀gbẹ náà máa ń bá ojú jà, ẹni tó bá sì ní in, ìwọ̀n ẹ̀bà tó máa jẹ di ọ̀rọ̀ òun àti dókítà ẹ̀.

Àpò gààrí tó wà nílé yín, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀ láìgbé e dé láàbù. Ṣùgbọ́n ẹ pe màmá, ẹ bi wọ́n pé ta ló ṣe é, ọjọ́ mélòó ló lò nínú àpò kí wọ́n tó yan án, ṣé wọ́n tẹ omi ẹ̀ gbẹ dáadáa. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́ta, tí omi gbẹ, tí wọ́n sì yan án jinná, ẹ gbómi kaná, kí ẹ te ẹ̀bà yín, kí ẹja tàbí ẹ̀wà sì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ kan péré ni, ẹ wá ẹlòmíì tí ẹ ó máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀.