Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni Marie Marvingt gun kẹ̀kẹ́ Tour de France?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni Marie Marvingt, obìnrin Faransé tó ń wa bààlù yẹn, gun Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé. Ó gùn ún o, àmọ́ kò sí lára àwọn tó díje. Lọ́dún 1908 ló ní òun fẹ́ wọlé, wọ́n ní rárá, obìnrin ni, ló bá jẹ́ káwọn ọkùnrin lọ tán, lòun náà bá gba ojú ọ̀nà kan náà dé òpin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí wọ́n gbà wọlé ni ò parí ẹ̀ o!

Kẹ̀kẹ́ gan-an kéré nínú ohun tó ṣe. Ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń gun òkè Alps, ní 1909 ó fi bàlúùnù ńlá tó ń gbé èèyàn sọdá òkun North Sea dé England, 1910 ló gba láísẹ́ǹsì bààlù. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé nọ́ọ̀sì ni, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ló ti ń pariwo pé kí wọ́n máa fi bààlù gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́, wọn ò tètè dá a lóhùn, kò sì yé sọ ọ́. Àfi bó ṣe tún di 1961, tí màmá ti pé ẹni ọdún 86, ló bá gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú Nancy lọ sí Paris.