Kí ló dé tí àwọn oníbàárà mi ní Bluesky kò rí àdìrẹ tí mo gbé sí Mastodon?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Mo ní àkáǹtì lórí Mastodon, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi kan ti kó lọ sí Bluesky, wọn kò sì rí ọjà mi mọ́. Ṣebí wọ́n ní kò sí ọ̀gá kan ṣoṣo lórí àwọn ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tuntun wọ̀nyí? Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Lóòótọ́ ni wọn kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ wo ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti gáréèjì Ìwó Road: gáréèjì tó bá ń lo irú wébíìlì kan náà yóò gbà á, èyí tó ń lo ìwé mìíràn kò ní mọ ẹni tí ẹrù náà wà fún.

Ìwé tí Mastodon ń lò ni ActivityPub, ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, fọwọ́ sí ní ọdún 2018, tí Pixelfed (ti àwòrán) àti PeerTube (ti fídíò) náà ń lò. Bluesky ṣe tirẹ̀, tó ń jẹ́ AT Protocol. Lórí Mastodon, orúkọ yín so mọ́ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkáǹtì, tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, server yẹn ló sì ń fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí server àwọn tó ń tẹ̀lé yín. Bí ẹ bá kó kúrò níbẹ̀, àwọn ènìyàn yín lè bá yín lọ, àmọ́ ohun tí ẹ ti kọ yóò ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ní ti Bluesky, inú àpótí kan ni ọ̀rọ̀ yín ń wà, tí àwọn ẹ̀rọ ńlá ń wá kó o láti tò ó fún àwọn òǹkàwé, ẹ sì lè gbé àpótí náà lọ sí ibòmíràn.

Ògbufọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì, Bridgy Fed. Láti orí Mastodon, ẹ tẹ̀lé @bsky.brid.gy@bsky.brid.gy, bí ó bá ti gbà yín, ẹ̀dà ohun tuntun tí ẹ bá gbé jáde ní gbangba yóò máa hàn ní Bluesky. (Ní ọdún 2024, èrò tí ẹni tó ṣe Bridgy Fed kọ́kọ́ ní ni láti kó ọ̀rọ̀ ènìyàn kọjá láìkọ́kọ́ béèrè, àwọn ará Mastodon fárígá, ló bá sọ ọ́ di ti ẹni tó bá fẹ́.)

N kò ní tàn yín, ẹrù díẹ̀ máa ń jábọ́ lójú ọ̀nà. Mastodon sábà máa ń gba lẹ́tà àti àmì 500, Bluesky kò gbà ju 300 lọ, nítorí náà ẹ kọ iye owó aṣọ ṣáájú àpèjúwe rẹ̀, kí wọ́n má baà gé e kúrò. Oníbàárà tó bá sì béèrè ọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀dà náà ní Bluesky, ìbéèrè rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí èsì lásán, àyàfi bí òun náà bá ti tẹ̀lé @ap.brid.gy, àkáǹtì Bridgy Fed tó wà ní Bluesky. Èyí ló le jù fún ọlọ́jà. Bákan náà, bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́, àṣẹ náà yóò kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi dandan mú gbogbo server láti tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì oníbàárà kankan síbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín ti wà ní Bluesky, èmi yóò kúkú ní kí ẹ ṣí àkáǹtì síbẹ̀, kí ẹ máa gbé àwòrán kan náà sí ojú òpó méjèèjì fúnra yín.