Ṣé a lè da ọ̀dà lé títì olókùúta láì hú òkúta rẹ̀?

Ó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù karùn-ún 1968, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Paris ń hú òkúta títì jù lu ọlọ́pàá, ọ̀dà ni ìjọba fi bo ọ̀pọ̀ títì Quartier Latin, àdúgbò kan ní Paris.

Yanrìn tó wà láàárín òkúta ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, òkúta á máa mì, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì sán tẹ̀lé ojú àlàfo wọn gẹ́lẹ́. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, ó di kòtò nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tún èyí tó ń mì tò, ẹ gbá eruku kúrò, kí ẹ wá fọ́n ọ̀dà olómi sí i kó lè lẹ̀. Ọ̀dà gbígbóná tí wọ́n pò mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló kàn, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ fi róólà tẹ̀ ẹ́ kó tó tutù. Ojú títì á ga sí i o, ẹ yẹ ojú gọ́tà àti ẹnu ọ̀nà ilé wò, kí òjò má bàa ya wọlé onílé.

Níbi tí tírélà ń gbà, ó sàn kí ẹ hú gbogbo rẹ̀. Ẹ má kó òkúta náà dànù, owó ńlá ni.