Má tíì fi owó PTA ra páálí ohun èlò yẹn

Ọ̀kún o, àbúrò mi ní Ìsánlú. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ wá, PTA fún ọ lówó díẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá kí o fi ra odindi páálí ohun èlò sáyẹ́ǹsì, tàbí ohun èlò wo ni kí o rà, láti fi kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ipá àti ìrìn. Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà ní Kàbbà níbí.

Ìpẹ̀kun pákó kan ni mo gbé lé bíríkì kí ó lè dà gẹ̀rẹ̀, mo wá ní kí àwọn ọmọ jẹ́ kí bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú yí wálẹ̀ lórí rẹ̀. Ni alábẹ̀wò bá wọlé, ó bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ní kọrídọ̀, ó ní eré la ń ṣe. Kò tilẹ̀ bojú wo bátìrì. Ìwé nóòtì ló ń bèèrè: ṣé wọ́n fi rúlà fàlà sábẹ́ àkọlé, ṣé ọ̀sẹ̀ tó wà nínú scheme, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ sáà, nìyí. Kúẹ́rì dé. Mo dáhùn, wọ́n ní ìdáhùn mi kò ní ìtẹríba, kí n tún un kọ. Ọ̀gá wa tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti di ṣọ́ọ̀kì mú kẹ́yìn, àmọ́ àwọn ni yóò sọ bí a ó ṣe kọ́ ọmọ!

Kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ kí wọ́n tó dé, kí o sì kọ bátìrì náà sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò. Ìyẹn ló yọ mí lẹ́yìn náà.

Ohun tó le nínú ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ohun èlò. Àwọn ọmọ gbà pé bí nǹkan bá dúró, ipá inú rẹ̀ ló tán. O lè kọ òfin kìíní tí Newton tẹ̀ jáde ní 1687, pé ohun tó ń rìn yóò máa rìn lọ bí ipá kankan kò bá dá a dúró, sójú bọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn yóò há a sórí, wọn yóò sì tún sọ pé ipá ló tán. Bátìrì yẹn ló ń bá èrò yẹn jà. Ibi kan náà lórí pákó ni kí wọ́n ti fi í sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tì í. Lórí yanrìn, kíá ló dúró. Lórí sìmẹ́ńtì, ó rìn jìnnà. Lórí táìlì ọ́fíìsì, ògiri ló dá a dúró. Wá bi wọ́n pé bí ilẹ̀ bá tún dán ju èyí lọ ńkọ́? Dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n jà á láàárín ara wọn. Ibẹ̀ ni fríkíṣọ̀n, ìyẹn ipá tí ilẹ̀ fi ń dá ohun tó ń rìn lórí rẹ̀ dúró, ti máa jáde. Wíwọn ibi tí bátìrì dé àti kíkọ ọ́ sínú tábìlì, o mọ ìyẹn.

Fún òfin kejì Newton, pé bí ipá bá dọ́gba, ohun tó wúwo jù ni ìrìn rẹ̀ ń pẹ́ yí padà, gbogbo wọn ló mọ tírélà sìmẹ́ńtì Ọbájáná. Bí bíréèkì bá fi ipá kan náà di òfìfo àti èyí tó kún mú, èwo ni yóò tètè dúró? Má sì jẹ́ kí wọ́n da kg pọ̀ mọ́ newton, òṣùwọ̀n ipá: àpò sìmẹ́ńtì 50 kg, bí 500 newton ni ìwúwo rẹ̀. Ìdánwò máa ń fi ìyẹn mú wọn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ fi ọ̀kadà dán òfin kìíní wò o. Àwọn ọmọkùnrin yóò fẹ́ ṣe é.

Ẹ̀n-ẹ́n, ohun èlò tí o bèèrè. Spring balance, òṣùwọ̀n onísípíríìǹgì tí a fi ń wọn ipá, nìkan ni kí o rà. Wò ó níṣojú ẹni tó ń tà á: bí kò bá dúró lórí òdo nígbà tí nǹkan kan kò rọ̀ mọ́ ọn, dá a padà. Má gbé ohun tó ju ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ọ, wáyà inú rẹ̀ yóò nà, kò sì ní padà sípò mọ́. Kí o gba rísíìtì, torí akápò PTA tún le ju alábẹ̀wò lọ.