JPA tí kò dé ibi tí ẹ fojú sí: ẹ wọn ìdènà rẹ̀ kó tó wọ fíríìjì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní JPA (Josephson parametric amplifier, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú sígínà microwave tí kò lágbára tóbi sí i) tí ẹ ṣe fún 6 GHz lọ jókòó sí 5.5, pé chip kejì láti ara wafer (àwo pẹlẹbẹ tí a ń gé chip lára rẹ̀) kan náà kò sì dáhùn rárá. Ẹ wá ń fura sí fíríìjì tó ń mú chip tutù gidigidi. Fíríìjì ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Kí chip méjèèjì tó wọbẹ̀ ni ìṣòro wọn ti wà.

Ẹ mú mítà. Fún junction alumíníọ̀mù (alumíníọ̀mù méjì tí oxide tín-ín-rín wà láàárín wọn), ẹ fi iye ohm, ìyẹn ìdènà tó ní kó tó tutù, pín 280 microvolt. Ohun tó bá jáde ló sún mọ́ kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ jù tó lè gbà láìsí ìdènà tó bá tutù tán. 280 ohm á fún yín ní 1 microampere. Tí ìdènà bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ohun tí ẹ ṣírò, kọ́rẹ́ǹtì yẹn á dínkù, inductance (bó ṣe ń tako ìyípadà kọ́rẹ́ǹtì) á pọ̀ sí i, 6 GHz á sì di bíi 5.5. Ẹ rí i pé ó bá tiyín mu?

Ìdènà máa ń gòkè nígbà tí ọ́síjìn bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù lórí alumíníọ̀mù. Ó tún máa ń gòkè fúnra rẹ̀ bí chip bá ṣe ń jókòó sínú àpótí, pàápàá tí resist (ohun tí a fi ń ya àwòrán sórí chip) bá ṣẹ́ kù sábẹ́ junction. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń wọn ọ́n lọ́jọ́ tó jáde, a ó tún wọn ọ́n lọ́jọ́ tó ń wọ fíríìjì. Junction tí JPA fẹ́ lò gan-an kọ́ la ń fọwọ́ kàn o. A máa ń ṣe mélòó kan sí etí chip tí iṣẹ́ wọn kò ju kí á wọn wọ́n lọ.

Ẹ má gbàgbé pé magnetic flux (agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú òrùka kọjá) ń fa frequency SQUID (òrùka tó ní junction méjì, tó wà nínú JPA) wálẹ̀ ni, kò lè tì í kọjá òkè rẹ̀. Nítorí náà, èmi máa ń ṣírò tèmi fún 6.5 tí mo bá ń wá 6.

Chip tó kú ńkọ́? Oxide tó wà láàárín junction kò ju nanometer kan sí méjì lọ. Iná tí ara yín kó jọ lásìkò tí afẹ́fẹ́ gbẹ tó láti lu ú. Kódà mítà lásán lè pa á, torí kọ́rẹ́ǹtì tó ń rán jáde ti pọ̀ jù fún un. Ẹ to resistor ńlá mọ́ ọn lójú ọ̀nà, ẹ so ọrùn ọwọ́ yín mọ́ earth, kí ẹ sì so pad méjèèjì (ojú irin tí wáyà ń lẹ̀ mọ́) pọ̀ títí wire bonding, ìyẹn síso wáyà mọ́ chip, á fi parí. Tí mítà bá ka ohm díẹ̀ péré, oxide ti lu. Tí kò bá ka nǹkan kan, ó ti já.

Ní ti 20 dB (ìlọ́po ọgọ́rùn-ún agbára sígínà) tí ẹ ní chip àkọ́kọ́ fún yín, ẹ ò tíì lè yọ̀. Ẹ pa pump (sígínà líle tó ń fún JPA lágbára), ẹ tún tan án, kí ẹ wò ó bóyá sígínà yọ lórí ariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ààbọ̀ photon, ìyẹn ariwo tó kéré jù tí JPA lè fi kún sígínà, jẹ́ bíi 0.14 K ní 6 GHz, HEMT yín (amplifier tó tẹ̀ lé JPA) sì ń pariwo bíi 2 K. Tí ìyàtọ̀ yẹn ò bá hàn, ẹ wo cable àti circulator (ohun tó ń darí sígínà sí ọ̀nà kan ṣoṣo) tó ṣáájú JPA: 3 dB tó bá nù níbẹ̀ ti gba ìdajì sígínà lọ.

Ẹ kọ iye ohm tí ẹ bá rí síbí, ká jọ ṣírò rẹ̀.