Ṣé kí n máa di ọkọ mi mú ni, àbí kí n jẹ́ kó máa dá rìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi jábọ́ lórí ọ̀kadà nígbà òjò tó kọjá, orí ló fi gbálẹ̀, kò sì dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹun, àmọ́ tó bá ń rìn ńṣe ló máa ń ta gbọ̀ngbọ́n, àwọn aládùúgbò ti ń sọ pé ó ń mutí. Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ìṣubú nìyẹn. Màmá ẹ̀ ní kó jókòó jẹ́ẹ́ títí ara á fi yá, èmi náà máa ń dì í lápá gírí. Físíò, ìyẹn elétò ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, wá ní kó máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan! Ṣé kò ní pa á báyìí? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe. Físíò yẹn mọ ohun tó ń ṣe o. Apá kan wà nínú ọpọlọ, lẹ́yìn orí lókè ọrùn, cerebellum ni wọ́n ń pè é, òun ló ń ṣètò bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ àti bí ọwọ́ ṣe ń gbé ife dẹ́nu tí ò ní dà. Tí ibẹ̀ bá fara gbá, ẹsẹ̀ lè lágbára dáadáa kó má sì mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀, ìjókòó jẹ́ẹ́ ò sì lè kọ́ ọ.

Ti iná yẹn, ibi mẹ́ta ni ọpọlọ ti ń mọ̀ pé a dúró: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú oríkèé. Tí méjì ò bá ṣe dáadáa mọ́, ojú nìkan ló gbára lé, NEPA wá mú iná, ojú náà ti lọ. Ẹ gbé láńtánì onísólà sójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, kẹ́ẹ sì ká rọ́ọ̀gì kúrò.

Ibi tó ká mi lára jù ni dídì tẹ́ẹ̀ ń dì í lápá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, torí tẹ́ẹ bá dì í gírí ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a dúró, ọpọlọ ẹ̀ ò rí nǹkan kan kọ́. Ó gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ kó sì fúnra ẹ̀ gba ara ẹ̀ padà, bí ọmọ tó ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ẹ so ọ̀já mọ́ ọn níbàdí, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ tí kò dúró dáadáa, lẹ́yìn ẹ̀ díẹ̀, ọ̀já lẹ máa dì mú. Kó wà ní kọ̀rọ̀ ògiri, kí àga wà níwájú ẹ̀. Kó kọ́kọ́ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, tó bá mọ́ ọn lára kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹsẹ̀ kan wà níwájú ìkejì, ká tó wá kan ẹsẹ̀ kan. Kó má dijú àfi tí físíò bá ní kó dì í. Díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan, torí ó máa ń tètè rẹ ẹni tó fi ọpọlọ ṣèṣe, ẹ bá mi sọ fún ìyá ọkọ yín pé kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ ní kí físíò máa fi Berg wò ó, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe lè dúró láìṣubú ni, iṣẹ́ 14 ló ní, gbogbo máàkì ẹ̀ jẹ́ 56, ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe ń gòkè. Tí òyì bá ń kọ́ ọ tó bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ fún físíò, ó lè jẹ́ inú etí, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń yí orí tó máa ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń fọwọ́ ra ara yí i lọ́rùn o!

Tí orí fífọ́ bá ń le sí i, tó ń bì, tàbí oorun tí ò ṣeé jí, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣara jọ nínú agbárí kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.