Ọkọ mi ní àtọ̀sí, èmi kò sì mọ nǹkan kan lára: ṣé àrùn wà lára mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọyún, oníkẹ́míìsì àdúgbò wa sì sọ pé àtọ̀sí ni. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún un ní kápúsù, ara rẹ̀ sì yá. Kò pẹ́ tí ó tún fi padà, ọkọ mi sì ní èmi ni mo kó o ran òun. Èmi kò mọ nǹkan kan lára, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú mi. Mo lọ sí láàbù kan, wọ́n ní sítáàfù ló wà lára mi. Ọkọ mi ní kí n lo ìyókù kápúsù òun. Ṣé kí n lò ó? Kí ni kí a ṣe tí àrùn yìí kò fi ní padà wá mọ́?
*Ìyàwó ilé kan, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ọ̀rọ̀ kápúsù ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lò ó. Kápúsù tí wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni tó bá ní àtọ̀sí ni doxycycline, èyí tí ó lè ṣe àkóbá fún eyín àti egungun ọmọ tó ń dàgbà nínú yín, ìdí nìyí tí a kì í fi í fún aláboyún. Yàtọ̀ sí ti oyún, bí ìyókù bá wà nílẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọkọ yín kò lo oògùn náà tán bí ó ti yẹ, kòkòrò tí oògùn bá sì kàn lára láìpa á tán ni í kọ́ bí a ti ń borí oògùn. Kòkòrò àtọ̀sí, tí oníṣègùn ará Jámánì tó ń jẹ́ Albert Neisser ṣàwárí ní ọdún 1879, ti borí oògùn púpọ̀ báyìí. Pẹnisílíìnì tí ó ń wò ó kíákíá nígbà kan rí kò kápá rẹ̀ mọ́, tetracycline kò kápá rẹ̀ mọ́, ciprofloxacin náà kò sì ṣeé gbára lé mọ́ ní ibi púpọ̀ lágbàáyé. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni a gbójú lé báyìí, aláboyún sì lè gbà á láìséwu, bí kò bá ti jẹ́ ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà.

Ẹ ní ẹ kò mọ nǹkan kan lára. Mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi hàn pé àrùn kò sí níbẹ̀. Lára ọkùnrin, ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí máa ń gbà wọlé; nígbà tí yóò bá fi tó ọjọ́ méjì sí méje, ìtọ̀ ti ń ta á, ọyún ti ń jáde, kò sí bí yóò ti ṣe é tí kò ní mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkùnrin mìíràn wà tí kò ní rí àmì kankan. Lára obìnrin, ọrùn ilé-ọmọ ni ó máa ń fara pamọ́ sí. Ibẹ̀ kì í tètè dunni, omi tó bá sì ti ibẹ̀ jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi ara tí obìnrin ti mọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, obìnrin lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó má mọ̀. Bákan náà ni ti klamídíà, àrùn kan tí ó máa ń bá àtọ̀sí rìn pọ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin tó ní i ni kò rí àmì kankan. Kò sí ìrora, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò sinmi. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè gòkè lọ sínú ilé-ọmọ àti sínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin ń gbà kọjá, kí ó dá àpá síbẹ̀, kí àpá náà sì dí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń wá ọmọ kiri lónìí, láti ilé ìwòsàn dé orí òkè àdúrà, ni irú àpá yìí wà lára wọn láti ìgbà ọ̀dọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn rí. Àpá yìí kan náà ló sì máa ń mú kí oyún dúró sí ẹ̀yìn ilé-ọmọ, èyí tí ó lè gba ẹ̀mí obìnrin.

Ta ni ó wá kó o ran ta ni? Arábìnrin mi, kò sí àyẹ̀wò kankan tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí. Níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò lè wà lára èèyàn fún oṣù púpọ̀ láìfi ara hàn, pé ara ọkùnrin ló ti kọ́kọ́ hàn kò fi hàn pé lára obìnrin ló ti wá, kò sì fi hàn pé kò ti ibẹ̀ wá. Mo ti rí ilé tí ó dàrú lórí ìbéèrè yìí nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń gbé àrùn náà kiri, tí kò tíì sí ẹni tó gba ìtọ́jú tó péye. Ẹ jẹ́ kí ìtọ́jú ṣáájú. Bí ọkọ yín bá ń bínú débi pé ẹ kò lè bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú oyún. A máa ń ránṣẹ́ pe ọkọ, a sì máa ń bá a sọ ọ́ ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé ó lè lù yín, ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, kí a tó ránṣẹ́ pè é.

Ní ti ohun tó mú kí àrùn náà padà, ọ̀nà méjì ni mo fura sí: ó lè jẹ́ pé oògùn kẹ́míìsì kò pa kòkòrò náà tán, ó sì lè jẹ́ pé ó pa á tán lára rẹ̀, tí ó wá tún kó o níbi tí kòkòrò náà ṣì wà. Ọ̀nà kejì yìí ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé tí a bá ti tọ́jú ọkọ tí a fi ìyàwó sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí tọkọtaya gba ìtọ́jú papọ̀, ní ọjọ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má sì bá ara wọn lò pọ̀ rárá títí ọjọ́ méje yóò fi kọjá lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti parí ìtọ́jú, kí àmì gbogbo sì ti lọ. A máa ń fi oògùn klamídíà kún ti àtọ̀sí; ti aláboyún jẹ́ azithromycin, kì í ṣe doxycycline. Bí orogún bá wà, tàbí ẹlòmíràn níta tí ọkọ yín bá lò pọ̀ láàárín oṣù méjì kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ̀yin méjèèjì padà wá ṣe àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ sítáàfù yìí ń dùn mí gidigidi, nítorí owó púpọ̀ ni àwọn èèyàn wa ń ná lé e lórí. Kòkòrò tí à ń pè ní Staphylococcus aureus kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Inú imú àti orí awọ ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko ni ó ń gbé, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba omi ojú ara, tí òwú náà fara kan awọ tàbí itan, ó rọrùn kí láàbù rí sítáàfù níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Lóòótọ́ ni sítáàfù lè fa eéwo, ó sì lè wọnú ẹ̀jẹ̀ kí ó di àìsàn ńlá, ṣùgbọ́n aláìsàn ọ̀hún yóò mọ̀ pé àìsàn ń ṣe òun. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn nínú ọkọ̀ àti ní ọjà, tí wọ́n ń sọ pé sítáàfù ló ń fa àìrọ́mọbí àti kí nǹkan máa rìn lára, ẹ̀rù ni wọ́n ń tà. Ohun tí ó yẹ kí láàbù wá lára yín ni àtọ̀sí àti klamídíà, ẹ sì béèrè fún wọn ní orúkọ. Bí àyẹ̀wò yìí kò bá sí ní agbègbè yín, dókítà lè tọ́jú yín nítorí pé ọkọ yín ní i, kò ní dúró de àmì lára tiyín.

Nínú oyún, àyẹ̀wò mẹ́ta mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ rí i dájú pé wọ́n ti ṣe: ti rẹ́kórẹ́kó, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sífílíìsì, ti kòkòrò HIV, àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n máa ń lò. Wọn yóò kán an sórí pátákó kékeré kan, ilà á sì yọ láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ti rẹ́kórẹ́kó ni ó ń bà mí lẹ́rù jù nítorí ọ̀nà àrékérekè tó ń gbà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí èèyàn bá kó o, egbò kan yóò jáde lójú ara tí kì í dunni. Lára obìnrin, ó lè wà nínú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó. Egbò náà yóò jinná fúnra rẹ̀, èèyàn á sì rò pé àgbo tí òun mu ló wò ó. Lẹ́yìn náà ni nǹkan á sú sí ara, títí kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn náà á tún lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè kọlu ọkàn àti ọpọlọ, nínú oyún sì rèé, ó lè pa ọmọ sínú tàbí kí a bí i pẹ̀lú àrùn náà. Síbẹ̀, bí a bá tètè rí i, abẹ́rẹ́ benzathine pẹnisílíìnì ẹyọ kan péré sí ìdí ti tó. Bí ó bá ti pẹ́, a ó gba mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Bí ó bá sì jẹ́ kòkòrò HIV ni wọ́n rí, oògùn wà tí ìyá yóò máa lò lójoojúmọ́, tí ọmọ rẹ̀ lè fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé tí kòkòrò náà ti rọlẹ̀ tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́ kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀.

Ẹ béèrè ohun tí a lè ṣe tí kò fi ní padà. Kọ́ńdọ́ọ̀mù ń dènà àtọ̀sí, klamídíà àti HIV dáadáa bí a bá ń lò ó ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ má fi eyín ya á. Ẹ fún orí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wà níbẹ̀, kí ọkùnrin sì di ìdí rẹ̀ mú nígbà tó bá ń yọ jáde. Òróró, òrí, àdí àgbọn àti Vaseline máa ń mú rọ́bà náà bẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi pa á. Rẹ́kórẹ́kó àti HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, lè gba ibi tí kọ́ńdọ́ọ̀mù kò bò mọ́lẹ̀ wọlé. Ti HPV, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, bí ẹ bá sì ní ọmọbìnrin tó wà ní ọjọ́ orí yẹn nílé, ẹ mú un lọ. Àjẹsára mẹ́dọ̀wú irú B náà wà, ọmọ yín yóò gba tirẹ̀ ní kété tí ẹ bá bí i.

Lílo Ampiclox lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kì í dènà àrùn. Fífi ọṣẹ tàbí omi iyọ̀ fọ inú ojú ara kì í dènà rẹ̀ pẹ̀lú, ṣe ni ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ kò sì lè kó àtọ̀sí lórí àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tí àwọn obìnrin wa ń pè ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n, tó máa ń yún ni, tí nǹkan funfun bí wàrà tó dì ń bá a jáde, sábà máa ń jẹ́ ti olú kékeré tó ń gbé lára wa tẹ́lẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú oyún.

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá ń súnmọ́, ẹ sọ gbogbo ìtàn yìí fún agbẹ̀bí yín, àní bí ẹ bá tilẹ̀ ti gba ìtọ́jú tán. Àtọ̀sí lè wọ ojú ọmọ nígbà tó bá ń jáde bọ̀, kí ojú náà wú láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, kí ọyún máa dà níbẹ̀, kí ojú sì fọ́ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Agbẹ̀bí yóò fi oògùn ìpara sí ojú ọmọ méjèèjì ní kété tí wọ́n bá gbé e. Bí ojú ọmọ bá wú lẹ́yìn tí ẹ ti délé, ẹ má ṣe kán omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí i bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń ní kí a ṣe. Ẹ gbé e padà wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.